Tó Bá Jẹ́ Èmi Fúnra Mi Ńkọ́?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò awọ fún Adájọ́ lónìí. Nọ́ọ̀sì fi bírò fa àmì sí apá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pín ilẹ̀, ó kán omi oríṣiríṣi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, ó wá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín họ ojú awọ níbẹ̀. Adájọ́ ń wò ó bí ọ̀gá tó ń ṣọ́ lébìrà. Ó bi í pé èwo ni ti ẹyin, èwo ni ti wàrà, èwo ni ti ẹ̀pà. Nọ́ọ̀sì ní kó ṣe sùúrù, apá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún un.

Apá sì sọ ọ́. Ti ẹyin, kò sí nǹkan kan. Ti wàrà, kò sí. Ti ẹ̀pà wú, ó funfun láàárín, ó pọ́n yí ká, ó fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Kò sunkún. Ó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun họ ọ́. Wọ́n ní rárá. Ó ní, "Ẹ kúkú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí lẹ tún ń bi apá mi sí?"

Ọmọ ọdún méje. Ìdí tí orúkọ ìnagijẹ yẹn fi mọ́ ọn lára nìyẹn: kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò gbà wọlé láì kọ́kọ́ pè é lẹ́jọ́.

A ti mọ̀ lóòótọ́. Bísíkíìtì kan tí ẹ̀pà wà nínú rẹ̀ ló kọ́ wa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ti kọ ẹ̀pà, tí àwa náà sì kọ ọ́ — nínú ilé, nínú àpò, lẹ́nu àlejò. Nílé ìwé, tábìlì tirẹ̀ dá dúró nígbà oúnjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà. Ó ti bi mí lọ́jọ́ kan bóyá òun ṣẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ibi tó wú ti wálẹ̀. Èmi ṣì ń rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ti sọ ọ́ ní Dókítà Pẹ̀lẹ́, torí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má fi pẹ̀lẹ́ kan sáàárín. Ó ṣàlàyé ìtọ́jú náà. Ẹ̀pà gan-an ni oògùn: ìyẹ̀fun rẹ̀, ìwọ̀n tó kéré tó jẹ́ pé èèrà lè gbé e lọ, lálaalẹ́, nínú oúnjẹ rírọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìméjì, a ó padà wá kí wọ́n fi díẹ̀ kún un lójú wọn. Títí ara yóò fi gbà pé ẹni tí òun ń bá jà kì í ṣe ọ̀tá.

Mo bi í bóyá yóò lè máa jẹ ẹ̀pà bí àwọn ọmọ yòókù. Ó ní pẹ̀lẹ́, kò dájú. Ohun tí òun ń wá ni pé kí àṣìṣe kékeré má baà pa á.

Ọkọ mi — Ọ̀gbẹ́ni Kò-Sí-Wàhálà nínú ìwé yìí àti lẹ́yìn rẹ̀ — ti gbà kí ọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Ó ní ẹ̀rọ tó ti pẹ́ tí iná ò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la fi ń fún un níná. Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti ka ìwé tó yìn ín, mo ti ka èyí tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, mo ka èyí tó ń yìn ín títí tó fi dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, tó wá ní a kò tíì mọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo gbà gbọ́.

Òfin ìtọ́jú: kó yó kó tó gbà á. Kó má sáré, kó má fi omi gbígbóná wẹ̀ fún wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kó má gbà á rárá. Kí Gègé wà nítòsí. (Abẹ́rẹ́ pàjáwìrì tó rí bíi kálàmù, èyí tí a ń gún sí itan. Adájọ́ ló sọ ọ́ ní Gègé.)

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ìwọ̀n àkọ́kọ́, ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi ṣíbí fún un nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀. Ó gbé e mì. A jókòó. Ẹnu yún un díẹ̀, ìyún náà sì lọ. Ìgbà tí wọ́n ní ká máa lọ ilé ni mo rí i pé mo ti di ọwọ́ àga mú tí ìka mi fi kú.

Ẹni tó jókòó tì wá ni bàbá ọmọkùnrin kan tí ara tirẹ̀ kọ wàrà. Awakọ̀ ilé ìwé. Bàbá Oníwàrà. Ó gba nọ́ńbà mi, ó ní ká máa bá ara wa dárò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Láàárọ̀, lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè wa bí ìṣe wa. Bí wọ́n bá fún ọ ní ẹ̀pà ńkọ́? Màá tutọ́ ẹ̀ dànù. Tó bá jẹ́ tíṣà? Màá tutọ́ ẹ̀ dànù. Ọ̀rẹ́ rẹ? Màá tutọ́ ẹ̀ dànù. Tó bá jẹ́ Dádì? Màá tutọ́ ẹ̀ dànù. Tó bá jẹ́ èmi fúnra mi ńkọ́? Màá tutọ́ ẹ̀ dànù. Ó ti ń kà á láti ìgbà tí kò tíì lè pe "tutọ́" dáadáa. Èmi ni mo fi ti ìkẹyìn kún un. Mo kà á níbì kan pé ọwọ́ tí ọmọ fọkàn tán ni kì í wò kó tó la ẹnu.

Lálẹ́, ìwọ̀n àkọ́kọ́ nínú ilé. Mo tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo da ìyẹ̀fun inú bébà sí i, mo na ṣíbí. Ó wò ó. Ó wò mí, ó pẹ́. Ó la ẹnu. Ó mi orí bí àgbàlagbà tó gba ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní sọ èrò rẹ̀. Ó nawọ́ sí ilé ìwẹ̀, ó lọ fọ ẹnu.

Kò sí nǹkan kan. Kò yún un. Ọpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kò-Sí-Wàhálà ló fún un lánàá àti lónìí, torí mo ní ìwé kan tó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé lọ́la. (Iṣẹ́ mi: kí n ka ìwé kó tó di títẹ̀, kí n mú àṣìṣe inú rẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ mi síbẹ̀.) Ó jáde láti kíṣìnnì bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Kò yún un, kò bì, kò họra. Ó ní ìtọ́jú yìí tilẹ̀ ti sọ ọmọ di ọmọlúàbí: ọmọ tí a máa ń fi igi lé lọ síbi tí yóò ti fọ ẹnu, òun ló ń sáré lọ báyìí bó bá ti gba ìwọ̀n rẹ̀ tán. Ó ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣàpèjúwe. Adájọ́ ò bá a rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ó jókòó sórí àga fún wákàtí méjì rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, bí ìyá àgbà tó ń retí ọ̀rọ̀ ìdílé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bàbá Oníwàrà pè. Lálaalẹ́ ni ọmọ tirẹ̀ ń họ ètè, inú ń run ún, ó ń sunkún kí wọ́n tó gbé ife jáde. Ó ní ìyàwó òun ti ń wá ọ̀nà àtisá kúrò nílé ní àkókò náà. Ó bi mí nípa tiwa. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní, rárá? Mo ní rárá. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun" — ohùn ẹni tí wọ́n sọ fún pé aládùúgbò rẹ̀ kì í sanwó iná.

Láti ìgbà náà ni inú mi ò ti balẹ̀. Ojú ìwé tí n kò bá rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń kà á. Kì í ṣe pé ó mọ́. Ojú mi ló ti sùn.

Mo sọ fún Kò-Sí-Wàhálà. Ó ní ẹni tí ayọ̀ bá ń bẹ nílé rẹ̀, tó bá ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ìbànújẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò rí eku, ó kéré tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Kò sí nǹkan kan. Ó fọ ẹnu. Adájọ́ bi mí ìgbà tí òun yóò lè jókòó ti ọ̀rẹ́ òun. Mo ní kò tíì yá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Nọ́ọ̀sì fún un ní ìwọ̀n tuntun, èyí tí wọ́n fi díẹ̀ kún. Ó gbé e mì. Ó ń ya àwòrán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ etí. Ó ní inú ń run òun. Mo wo Kò-Sí-Wàhálà, ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ó ti dìde. Ọmọ bì sórí àwòrán rẹ̀. Ara rẹ̀ sú láti ọrùn dé ikùn. Ìgbà náà ló wúkọ́ — ikọ́ gbígbẹ kan, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí. Ó ń wúkọ́, ó ń wá ojú mi.

Nọ́ọ̀sì ò sáré, kò pariwo. Ó mú un jókòó dáadáa, ó fi Gègé gún itan rẹ̀ látorí ṣòkòtò, ó dì í mú síbẹ̀. Ó fi ìbòmú tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bò ó nímú. Dókítà Pẹ̀lẹ́ wọlé, kò sì sọ pẹ̀lẹ́ kankan. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ó padà bọ̀ sípò. Wọ́n dá wa dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Dókítà ń yẹ ìwé rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Ó ní ohun tó rú òun lójú ni pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko láìsí ìyún, lẹ́yìn náà kí eléyìí ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣe ló dà bíi pé ara rẹ̀ kò mọ ẹ̀pà rí.

Mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Kò sí èyí tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ọmọ rẹ yóò máa bi ọ́ léèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ó sùn dáadáa. Èmi ni mo wúkọ́ mọ́jú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Dókítà pè. Ọ̀nà méjì: ká jáwọ́, tàbí ká padà sí ìwọ̀n kékeré ti tẹ́lẹ̀, èyí tí kò yún un nílé, lálaalẹ́, ká wò ó.

Kò-Sí-Wàhálà ní ká jáwọ́. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń nu irinṣẹ́ tó ti mọ́, ó tún ń nu ún. Ó ní, "Tábìlì tó dá dúró ò pa ọmọ rí." Mo ní bísíkíìtì ń pa ọmọ. Ó ní èmi tí mo ti ń ṣiyèméjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí mo fi wá di ajíhìnrere? N kò mọ̀ ọ́n. Bóyá ẹni tó ti ṣiyèméjì látìbẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló gbà á gbọ́ pátápátá, òun ló ṣubú láti òkè.

A bá a lọ títí. Ó gbà níkẹyìn, pẹ̀lú àdéhùn kan: èmi ni n ó máa fún un, ọwọ́ òun ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo fún un. Ó wò mí. Ó mi orí. Ó lọ fọ ẹnu.

Omi ń dà nínú ilé ìwẹ̀, ó ń dà, ó ń dà. Mo lọ bá a pé kó tì í, kí omi má tán nínú táǹkì. Kò ti ilẹ̀kùn. Kò ti ilẹ̀kùn rí, mo ń rántí báyìí. Ó tẹ̀ síwájú básíà, ó ń tutọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde. Ó ki ìka bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kó èyí tó kù, ó ṣan án lọ. Ó bu omi, ó fi ṣan ẹnu. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ahọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń fọ ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ó rí mi nínú dígí. Kò fò. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní, "Mo ti tutọ́ ẹ̀ dànù, Mọ́mì," bí ẹni tó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Mo jókòó sórí etí ibi ìwẹ̀. Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé kí ló dé tó fi gbé ti ilé ìwòsàn mì nígbà náà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹlẹ́rìí tí kò mọ ẹjọ́ tó wá jẹ́rìí sí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ò sí nínú òfin. Dádì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ẹ sì bi mí láàárọ̀ yìí náà."

Mo bi í lóòótọ́. Lójoojúmọ́ tó lọ sílé ìwé, láàárọ̀ mo kọ́ ọ pé kó tutọ́ ohun tí n ó fún un lálẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Kò-Sí-Wàhálà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ dúró sẹ́yìn ilé. Nígbà tó wọlé ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ọmọ yẹn gbọ́ràn ju ohun tó yẹ kí wọ́n fi fún òbí bíi tiwa lọ.

Níbi iṣẹ́ wa, àṣìṣe tó máa ń jàjàbọ́ lọ́wọ́ wa jù ni èyí tó wà nínú àkọlé. Lẹ́tà ńlá. Gbogbo ènìyàn ti kà á lọ kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

N kò fún un ní nǹkan kan. Dókítà ní kí a kọ́kọ́ wá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, mo gbé àpò rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ó dúró. Ó ní mi ò tíì bi òun. Mo bi í dé orí Dádì, mo sì dákẹ́. Ó ń retí èyí tó kù. Mo ní ká máa lọ.

Dókítà Pẹ̀lẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá wa wí. Ó ní a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n àkọ́kọ́, bí ẹni tí kò ṣe é rí, torí pé kò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fi tipá ṣe é. Ó yíjú sí Adájọ́, ó ṣàlàyé fún òun fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ kí a ti ṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Adájọ́ bi í bóyá bí òun bá gbé e mì, òun lè jókòó ti ọ̀rẹ́ òun. Ó ní pẹ̀lẹ́, kì í ṣe ní kíákíá, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ nìyẹn.

Ó ronú sí i. Ó wá yíjú sí èmi.

"Nígbà tí ẹ̀yin náà wà nínú òfin, mo mọ ohun tí màá ṣe. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, báwo ni màá ṣe mọ ọjọ́ tí ẹ bá ṣàṣìṣe?"

Dókítà wo tábìlì rẹ̀. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi. N kò rí ìdáhùn ìyẹn nínú wọn, àti pé ká ní mo rí i, n kò ní gbà á gbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Ìwọ̀n àkọ́kọ́, ìgbà kejì. Nọ́ọ̀sì fún un. Ó gbé e mì. Ẹnu yún un, ìyún náà lọ. Ó yege lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò sí nínú òfin. Ti ọ̀la ni ẹjọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Mo tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo da ìyẹ̀fun sí i. Mo na ṣíbí sí i bí ìṣe mi. Ó pa ẹnu dé.

Kò bínú. Ó kàn ń wo ṣíbí náà, ó ń wo ọwọ́ mi lórí rẹ̀. Kò-Sí-Wàhálà dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ti di Gègé mú kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni, ìyá rẹ ni. Mo sì rántí pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ọ pé kó má gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni gan-an nìyẹn. Mo ṣì na ṣíbí náà sí i.

Ó ní, "Ẹ gbé e kalẹ̀."

Mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní kí n sún sẹ́yìn. Mo sún. Ó bi mí bóyá mo ka ohun tí wọ́n kọ sára bébà náà. Mo ní mo kà á. Ó ní kí n mú un wá. Ó kà á fúnra rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀lé e. Ó bi Dádì bóyá Gègé yẹn kò tíì bàjẹ́. Dádì wo ara Gègé, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó bàjẹ́. Ó mú ṣíbí náà. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fún mi," ó ní. "Èmi ni mo mú un."

Ó gbé e mì. Ó la ẹnu sí wa, ó gbé ahọ́n sókè, ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fa ti òsì.

A jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní inú ètè òun ń yún òun. Kò-Sí-Wàhálà ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Mo ní kó dúró. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ọrùn rẹ̀, mo wo ikùn rẹ̀, mo ní kó sọ̀rọ̀ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́. Ó ní kí n má tan iná tọ́ọ̀ṣì sí òun lójú mọ́. Ìyún náà lọ bó ṣe wá.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bẹ̀rù kí ọmọ yìí sọ pé ẹnu ń yún òun. Lónìí ó sọ ọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹnu tó gbé e mì ni ẹnu tó ń yún.

Ó sùn láìfọ ẹnu. Kò-Sí-Wàhálà ní kí n má sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Tíṣà? Màá tutọ́ ẹ̀ dànù. Ọ̀rẹ́ rẹ? Màá tutọ́ ẹ̀ dànù. Dádì? Ó wo ojú mi, ó ti mọ ibi tí mò ń lọ, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Mo bi í.

"Tó bá jẹ́ èmi fúnra mi ńkọ́?"

"Ẹ gbé e kalẹ̀," ó ní, "màá wò ó."

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ṣáájú mi jáde.